Ì Méjì Lórí Òpó Àpòmù

Èmi Làmídì yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì mi mú ìpè tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run rí. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá kan ló ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkọ̀ tó wọ̀ sì ń sáré lọ. Òpó Ìkirè ti jù ú sílẹ̀, òpó kejì kò tíì na ọwọ́. Mo rí ìpè náà tó ń rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ewé kòkó tó gbẹ. Mo fò sókè, mo gbá a mú. Ó gbóná! Mò ń gbọ́ ohùn ìyá náà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi tó ń sọ pé, "Má gbàgbé láti jẹun o." Mo sáré gba àárín oko kọjá, mo fi ọwọ́ kan gun òpó Àpòmù, mo sì fi ìpè náà lé e lọ́wọ́. Ìyá náà kò mọ nǹkan kan. Ọmọ dáhùn, ó ní, "Mo gbọ́, Màámi." Títí di òní, àpá iná rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì mi.

Tí ẹ bá gba ìyẹn gbọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ̀wé sí. Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama níbí máa ń wá jókòó sí iwájú ilé mi, wọn á ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa? Ṣé ká lọ kọ́ ọ?" Mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ tó dáa ni, bí èèyàn bá lè dá wà. Wọn á rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń pè láwàdà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é mọ ohun tó ń ki ọrùn bọ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n wọ ìwé márùn-ún, olùkọ́ wa ní kí n kọ orúkọ mi sára pátákó. Mo bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, aago ìsinmi lù, mi ò tíì kọ ọ́ dé ìdajì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé èmi àti kíkọ kò ní í ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ohunkóhun tó bá ń sọ̀rọ̀. Títún rédíò ṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀, létí títì ní Ìkirè. Mo tún ọ̀kan ṣe nígbà kan tó jẹ́ pé ìròyìn ọ̀la ló ń kà. Ẹni tó ni ín dá a padà fún mi, ó ní òun ò fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí òpó fóònù dé àdúgbò wa, wọ́n ń wá ẹni tó lè wakọ̀, tó sì mọ wáyà. Bí wọ́n ṣe gbà mí, àti ohun tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò sí ìtàn níbẹ̀. Iṣẹ́ náà rèé: wọ́n á to fóònù mẹ́ta sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, ìpè á wà lórí wọn, èmi á máa wakọ̀ láti Ìkirè lọ sí Àpòmù, láti Àpòmù lọ sí Ìkòyí, màá sì tún padà. Ibi tí ohùn bá ti há, tàbí ibi tó bá ti já, màá fàmì sí i nínú ìwé. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Ọdún tí mo fi ṣe é ju ọdún tí púpọ̀ nínú yín tíì lò láyé lọ.

Ọ̀gá Múfú ló kọ́ mi. Ọmọ Ìkirè-Ilé ni, ó ga, ó gbẹ, ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí àfi nígbà tó bá ń jẹ orín. Etí rẹ̀ mú débi pé bí nọ́ọ̀tì kan bá tú lórí òpó Ìkirè, á gbọ́ ọ láti ilé rẹ̀, á ní, "Ta nìyẹn?" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rò pé òpó ló máa mú mi lọ wò. Ojú títì ló mú mi lọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta dòdò Ìkirè fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ó ní kí n dúró, kí n máa wò. Òun náà jókòó sábẹ́ igi lódìkejì, ó ń wò mí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè mí.

"Kí lo rí?"

"Mo rí dòdò, sà."

"Lọ sílé. Padà wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì: "Kí lo rí?"

"Mo rí àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, sà."

"Wọ́n ń sáré, o rí i. Ojú rẹ tó nǹkan. Padà wá lọ́la."

Ní ọjọ́ kẹta, inú ti ń bí mi, mo bá pinnu láti wo ọwọ́ obìnrin kan ṣoṣo, mi ò wo nǹkan mìíràn. Ọkọ̀ ti ń lọ, obìnrin náà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na dòdò inú ewé sí ojú fèrèsé. Èrò inú ọkọ̀ na ọwọ́. Ẹ wò ó, obìnrin yẹn kò jù ú sílẹ̀. Ó ṣì dì í mú. Ó dúró kí ìka ẹni yẹn di ewé náà mú tán. Ìgbà yẹn ló tó tú ọwọ́ tirẹ̀.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá. "Sà, ọwọ́ méjì ló wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀kan tó kúrò!"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwé mẹ́rin rẹ tó," ó ní. "Máa bọ̀ níbi òpó."

Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, òun náà sì ni ẹ̀kọ́ ìkẹyìn. Òpó kan kò lè gbé ìpè rìn jìnnà. Bí ọkọ̀ bá ń kúrò ní agbègbè rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fa ìpè náà lé òpó tó wà níwájú lọ́wọ́, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má sì mọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì Ìbàdàn ń pè é ní handófà. Ọ̀gá Múfú kọ̀, ìfàléwọ́ ló ń pè é, ó ní ẹni tí kò bá lè pe iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí òpó bá tètè jù ú sílẹ̀, ó já. Bó bá pẹ́ kó tó jù ú, ọkọ̀ ti lọ. Òmíràn tún wà tó jẹ́ ti oníyèméjì: òpó yìí nà án, tọ̀hún gbà á, ó tún dá a padà, wọ́n á máa fà á síwá sẹ́yìn títí ohùn á fi máa gé kélekèle bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ nínú gègélé.

Ohun mìíràn tó tún kọ́ mi, ohun náà ló bà mí láyé jẹ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Òpó kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́ta tó kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ. Ìwé orúkọ aládùúgbò wà lọ́dọ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Òpó Ìkirè mọ̀ pé ojú Àpòmù tó dojú kọ òun ni òun gbọ́dọ̀ fa ìpè lé lọ́wọ́. Bí ojú tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé yẹn bá na ọwọ́ sí i, kò ní í dá a lóhùn, ì báà jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Á di ìpè náà mọ́ra títí tí yóò fi kú sí i lọ́wọ́.

Nítorí ìyẹn ni Ọ̀gá Múfú ṣe ń pariwo lórí wáyà. Wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sí ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ lára. "Orúkọ ní kíkún!" ni yóò máa wí. "Wáyà kò mọ̀ ẹ́. Kò mọ bàbá ẹ. Kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára kó lè mọ ibi tó ń lọ."

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìdáwà inú iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ń wo ẹni tó ní fóònù mẹ́ta bí ẹni tí kò lè dá wà láéláé. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù ní gbogbo Ìkirè, mo ju lèmọ́mù lọ, mo ju àwọn agbejọ́rò lọ, kò sì sẹ́nì kan tó gbọ́ mi. Ìpè tí a fi ń dán ojú ọ̀nà wò, ẹ̀rọ kan ní Ìbàdàn ló ń gbé e. Ohùn obìnrin ló wà lórí rẹ̀, á máa ka ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá, èmi náà á máa sọ ohunkóhun tó bá wù mí kí wọ́n lè mọ bí ohùn ṣe ń lọ. Nígbà tó yá, mo sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Mo pè é ní Àdùkẹ́. Ní àárọ̀, màá kí i. Bí òjò bá rọ̀, màá sọ fún un. Gbogbo ìtàn tí ẹ mọ̀ mọ́ mi lónìí, òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kò já lù mí rí.

Sàfúrá ìyàwó mi, ọmọ Ìkòyí ni. Obì ló ń tà ní ọjà Àpòmù. Ọjọ́ kan, mo ní kó wọ ọkọ̀ iṣẹ́ kí n gbé e dé ọjà. Mo ti ń wakọ̀ lọ, ìpè wọlé sí Ìbàdàn, mo gbàgbé pé èèyàn wà lẹ́yìn mi.

"Àdùkẹ́ olóhùn iyọ̀," mo ní, "ṣé o sùn dáadáa?"

Sàfúrá na ọrùn síwájú láti ẹ̀yìn.

"Ta lẹ ń kí?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá Kúburá."

"Ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ Ìbàdàn. Òun la fi ń dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò."

"Ẹ̀rọ wo ló ń jẹ́ Àdùkẹ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

"Ẹ kú oríire o. Ọjọ́ wo lẹ ṣe ìsọmọlórúkọ? Ẹ ò tiẹ̀ pè mí wá jẹ nínú ẹran àgbò rẹ̀."

Mo gbé fóònù kan sẹ́yìn fún un pé kó gbọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbé e sétí. "Obìnrin ni!" ó ní, ó sì jù ú padà sí mi lẹ́sẹ̀. A ti ń rí ọjà lókèèrè. Ìgbà yẹn ló wá rọra sọ ọ́, kò bínú rárá:

"Bàbá Kúburá, láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ẹ ò bi mí rí bóyá mo sùn dáadáa."

Irọ́ ni mo pa. Mo ní ọ̀gá ló pàṣẹ pé ká máa kí ẹ̀rọ náà, pé bí a kò bá kí i, iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, irú ìyẹn máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí, Kúburá ọmọ wa sì tẹ̀lé e. Kì í ṣe Àdùkẹ́ ló lé e. Ó sọ fún àwọn èèyàn mi pé òun kò mọ ìgbà tí mo bá ń sọ òótọ́ mọ́, ó sì ti rẹ òun láti máa méfò.

Àkókò yẹn náà ni wọ́n ń gbé ohun èlò ìran kẹta sórí òpó wa, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní tíríjì. Èmi ni wọ́n ní kí n fa wáyà Àpòmù. Ojú mẹ́ta ni: ọ̀kan kọjú sí Ìkirè, ọ̀kan kọjú sí Ìkòyí, ọ̀kan kọjú sí oko. Òjò ti ṣú. Bírò wà lọ́wọ́ mi, bébà alẹ̀mọ́ sì wà lórí itan mi. Ẹ ti mọ̀ mí àti kíkọ. Mo ní, kí ni mo ń dá ara mi lóró fún? Mo kọ O fún oko. Mo kọ Ì fún Ìkirè. Mo kọ Ì fún Ìkòyí. Mo ní mo mọ èyí tó jẹ́ èwo, Ì ti Ìkirè ni mo kọ gbọọrọ díẹ̀.

Kí n tó gun òkè dé ibi tí mo ti máa so ó, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ì méjèèjì wú bákan náà.

Láti ọjọ́ náà, ìpè kan kò la àfonífojì tó wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù já mọ́. Òpó Ìkirè ń wá ojú tó mọ orúkọ rẹ̀, ojú tó na ọwọ́ sí i sì ń jẹ́ Ìkòyí. Ọ̀nà Ìkòyí náà dàrú bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa. Tọkọtaya ń jà, oníbàárà ń jà, àna méjì tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́ kò kí ara wọn mọ́, oníkálukú ń sọ pé, "Ó gé fóònù mọ́ mi létí." Bí èkejì bá wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ta ló máa gbà á gbọ́? Gbogbo ayé ló ti fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa irọ́ rí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á ní òun wà lójú ọ̀nà, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí òun tètè pè.

Èmi? Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé òkè tó wà níbẹ̀ ló ń dí ohùn lọ́wọ́. Mi ò tilẹ̀ rántí Ì kankan.

Inú àsìkò yẹn ni Sàfúrá pè mí. Mo wà lórí ọ̀nà, mo ń ti Ìkirè bọ̀. Fóònù tèmi fúnra mi ló dún.

"Bàbá Kúburá."

"Ìyá Kúburá! Ṣé kò sí o? Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Bàbá mi ti sọ tiwọn, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ tiwọn. Èmi náà ti ro tèmi."

"Mò ń gbọ́."

"Mo ti ṣe tán láti padà wálé. Ohun kan ni mo fẹ́. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, kí ẹ dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré láìfi nǹkan kan kún un. Ṣé ẹ—"

Ohùn rẹ̀ há. Ó sì já.

Mo mọ̀ pé ó já ni. Iṣẹ́ mi ni. Ìpè tí wọ́n gé máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìpè tó já máa ń kọ́kọ́ há bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Mo gòkè àfonífojì náà, fóònù kún fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí n tẹ̀ ẹ́ padà ló yẹ. Ṣùgbọ́n mo ro ìbéèrè yẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, mo wá páàkì ọkọ̀ sábẹ́ igi kan ní Àpòmù, mo ń to ìdáhùn tó máa dùn létí jọ. Mo tò ó títí. Nígbà tí mo wá pè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé e.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Làmídì."

"Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n. Ìyá Kúburá dà?"

"Ó wà níbí. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti gbọ́ ìdáhùn yín."

"Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o!"

"Ẹ̀n-hẹ́n," ó ní. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Òun wá gé tirẹ̀. Ìyẹn kò há rárá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Ọ̀gá Múfú tó wá sí Àpòmù fúnra rẹ̀. Ó ní òkè tí mo kọ sínú ìwé yẹn, òkè yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá òun, kí ló dé tó jẹ́ ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dí ohùn? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òpó, ó fọwọ́ gbá wáyà kan mú.

"Làmídì. Ì wo nìyí?"

"Ìkirè ni, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìkòyí ni, sà."

"Ta ló sọ fún wáyà?"

Mo tún wo Ì méjèèjì.

"Mo ní, ta ló sọ fún un? Ìkirè, Ì. Ìkòyí, Ì. Ìkirè-Ilé ìlú mi, Ì. Ìbàdàn ńkọ́? Ìlọrin ńkọ́? Gbogbo ilẹ̀ yìí ni Ì, Làmídì! O kò kúkú kọ 'Ìlú' sí i kó o lọ sùn!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò jẹ́. Ó ní kí n gòkè, kí n pàrọ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní bírò, ó dúró tì mí bí olùkọ́, mo sì kọ orúkọ ìlú méjèèjì ní kíkún. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó ń wo ọ̀nà.

"Èèyàn mélòó lo rò pé ó ti bọ́ sínú àfonífojì yẹn?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ìwọ náà ńkọ́? O pàdánù nǹkan níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

Ó ti mọ̀ mí tipẹ́. Kò bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé tó kọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kò dárúkọ mi, ó kàn kọ ọ́ pé wáyà pàrọ̀ ara wọn, a sì ti tún un ṣe. Bébà alẹ̀mọ́ méjì yẹn, tí Ì wà lára wọn, ó já wọn fún mi. "Gbé e dání," ó ní. Bí ó ṣe ń bá èèyàn wí nìyẹn.

Mo gbé wọn dé Ìkòyí lọ́jọ́ kejì. Mo bá Sàfúrá lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa obì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo to bébà méjèèjì sí i lẹ́sẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó wò wọ́n. Ó ní, "Èwo ni Ìkirè?" Mo ní èmi náà kò mọ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìró nu ojú. Mo ní kí ló fẹ́ bi mí lọ́jọ́ yẹn? Ó ní kò ju pé ṣé mo máa ń sùn dáadáa láti ìgbà tí òun ti lọ. Mo ní rárá. Ó ní òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ń darúgbó, kò sẹ́ni tó máa tọ́jú rẹ̀, a wá jọ fẹnu kò pé kó ṣì dúró ná. Ó bu omi fún mi mu. Báyìí ló ṣe di pé oníkálukú wà ní ààyè rẹ̀, láìsí ìjà.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Fóònù mẹ́ta di kọ̀ǹpútà àgbélétan. Bí mo bá ṣe ń wakọ̀, ìlà á máa fà lẹ́yìn mi lójú rẹ̀: àwọ̀ ewé níbi tó dáa, pupa níbi tí kò dáa. Ìran kẹrin dé. Àwọn èèyàn kò fi fóònù sọ̀rọ̀ nìkan mọ́, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń wo wáàsí, wọ́n ń wo ẹni tó ń se ọbẹ̀ ní ìlú tí wọn kò ní í dé láéláé. A wá ní láti kọ́ òpó ní ẹ̀kọ́ tuntun: ta ló máa kọ́kọ́ kọjá nígbà tí èrò bá pọ̀? Ọ̀gá Múfú, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì nígbà náà, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ohùn ni kó kọ́kọ́ kọjá. Àwòrán lè dúró díẹ̀, á ṣì jẹ́ àwòrán. Lẹ́tà lè dúró, á ṣì jẹ́ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá dúró díẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àyè náà. Mo rántí obìnrin kan ní Ìkòyí, mo dorí kodò, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó padà sí Ìkirè-Ilé lọ ṣe oko. Ìgbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ti kọ orúkọ sára ebè iṣu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní kíkún. Ó ti di olóògbé báyìí. Ọlọ́hun kó fi àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Ìran karùn-ún, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, kò rí tèmi rò. Ní oṣù tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n pè mí sí Ìbàdàn kí n wá dágbére. Ọmọbìnrin ẹnjiníà kan, tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì, fi ojú kọ̀ǹpútà hàn mí.

"Bàbá, ẹ wò ó. Òpó ti ń mọ aládùúgbò wọn fúnra wọn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ èèyàn ló ń sọ fún wọn pé òun rí òpó báyìí, wọ́n á sì bá a dọ́rẹ̀ẹ́."

"Ta ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́, sà. Àwọn fúnra wọn ni."

"Tí wáyà bá pàrọ̀ ńkọ́?"

"Á hàn lójú ibí. Kò tó ọjọ́ kan."

Mo ní Ọlọ́hun ṣeun. Mo jáde síta, mo jókòó sórí pèpéle fún ìgbà díẹ̀. Ó tẹ̀lé mi wá, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní igi òpó ló já lù mí lẹ́sẹ̀ nígbà kan, ó ṣì máa ń dùn mí. Kò sí igi kankan.

Ní báyìí, mo wà nílé ní Ìkirè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé mi kún dẹ́nu, èmi ni mo yan ibi tí wọ́n ri òpó àdúgbò yìí sí. Àwọn tó ń ránṣẹ́ sí mi jù ni ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọn á ní, "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n." Kúburá máa ń pè láti Ìlọrin lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Á bi mí bóyá mo jẹun, á bi mí nípa orúnkún mi, màá sọ ìtàn kan fún un, á rẹ́rìn-ín, á ní "Bàbá yìí náà!" Lẹ́yìn náà á ní òun fẹ́ pe Ìyá òun. Mo máa ń ní kó kí i. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń kí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí, ẹ lọ kọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹnì kan wà lọ́nà Ifẹ̀ báyìí tó ń sọ fún ẹnì kan pé òun ti ń bọ̀, kò sì ní í mọ orúkọ yín, ohùn rẹ̀ á kàn dé ibi tó ń lọ. Ìyẹn tó láti dára yá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ pe èèyàn tó lè dá yín lóhùn.

Ó ku ohun kan. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí, ẹ ti mọ èyí tí kò ṣeé gbà níbẹ̀, mi ò ní í fi ìyẹn dá yín dúró. Ìkan wà tí ẹ máa ti gbà gbọ́, torí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mi ò lọ sí Ìkòyí. Mi ò gbé bébà kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò bu omi fún mi. Mo dé oríta Àpòmù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ẹlòmíràn ni mo rán lọ kí wọn. Ìbéèrè tó fẹ́ bi mí, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Èyí tí mo kọ sí i lẹ́nu, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Sàfúrá wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó wà ní Ìkòyí, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí. Ó ṣì rò pé èmi ni mo gé ìpè náà.